Kí Fáníìṣì Aláìdán Má Baà Hewú Lórí Mọ́dẹ́ẹ̀lì Yín

Ẹ mú ìgò fáníìṣì aláìdán tó ti dúró lórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má mì ín, ẹ kàn gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun kan ti dì mọ́ ìdí ìgò. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Fáníìṣì dídán tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú mọ́ ni fáníìṣì aláìdán. Lọ́pọ̀ ìgbà, sílíkà ni lẹ́búlẹ́bú náà, ó sì kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Bí fáníìṣì ṣe ń gbẹ ni oje rẹ̀ ń sún kì, tí àwọn hóró sílíkà ń yọ orí síta, tí ojú rẹ̀ á wá rí ṣákiṣàki ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí ohun tó tẹ́jú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń gbà padà, òun ni a ń pè ní dídán. Bó bá bọ́ sórí ohun ṣákiṣàki, ńṣe ló máa ń fọ́n káàkiri.

Àṣìṣe tó ń ba mọ́dẹ́ẹ̀lì (bàálù, ọkọ̀ tàbí ère kékeré tí a fi ike tò) jẹ́ ní ìpele ìkẹyìn yìí, ìyẹn fífín fáníìṣì aláìdán, ọ̀dọ̀ lẹ́búlẹ́bú yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Wọn ò ro ó pọ̀ dáadáa, tàbí ó pọ̀ jù, tàbí ó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, tàbí ó wọ́ jọ sínú kòtò. Ọ̀rinrin ló sábà máa ń fa ìyókù. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ máa bi ara yín pé: níbo ni lẹ́búlẹ́bú wà báyìí?

Ṣé aláìdán ló tilẹ̀ yẹ ẹ́?

Kí ẹ tó yan ìgò, ẹ wo nǹkan gidi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì yín dúró fún. Ọ̀dà àwọ̀ olive drab tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kì í dán. Fáníìṣì aláìdán bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n láti 1944 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń kun bàálù ajagun wọn ní búlúù dúdú tó ń dán gbinrin. Ẹni tó bá fín fáníìṣì aláìdán bo irú bàálù bẹ́ẹ̀ ti ṣì í, kódà bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá lábùkù. Ara mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń dán, àmọ́ táyà rẹ̀ kì í dán. Awọ bàtà àti bẹ́líìtì wà láàárín méjèèjì. Ètè ènìyàn ń dán díẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ń dán gan-an, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò dán rárá.

Ẹ tún ro ti ìwọ̀n mọ́dẹ́ẹ̀lì. Nǹkan tó kéré dúró fún nǹkan tí à ń wò láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ òkèèrè a máa pa dídán kù. Dídán tó bá bàálù 1/32 (èyí tí ìlọ́po 32 rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n bàálù gidi) mu lè sọ ti 1/72 di ohun ìṣeré ọmọdé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ lo aláìdán pátápátá fún 1/72. Fún 1/48, ẹ po sátíìnì (fáníìṣì tó ń dán díẹ̀) díẹ̀ mọ́ ọn. Fún táńkì 1/35, ẹ fi aláìdán bo gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sátíìnì síbi tí ọwọ́ àti bàtà àwọn sójà máa ń kàn lójoojúmọ́: etí ìlẹ̀kùn, ibi àtẹ̀gùn, ìdí ìbọn. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ara rẹ̀ kò dán ní ìwọ̀n kan náà dà bí ohun tí wọ́n fi ẹfun mọ.

Nǹkan méjì míì tún wà. Àkọ́kọ́, fáníìṣì aláìdán máa ń mú àwọ̀ ṣí. Dúdú á di àwọ̀ eérú kíkankíkan, búlúù dúdú á rọ̀, pupa á pàdánù iná ojú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé aláìdán ni ẹ máa fi parí, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà yín dúdú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Èkejì, má fín in sórí ọ̀dà onírin. Dídán ni fàdákà fi ń jẹ́ fàdákà. Bí ẹ bá ti pa dídán náà, eérú lásán ló kù. Ẹ fi téèpù bo ibi onírin, tàbí kí ẹ má tíì kùn ún títí fáníìṣì á fi gbẹ.

Irú mẹ́ta tó wà

*Lákà.* Òun ló lágbára jù, òun náà ló sì ń gbẹ kíákíá jù. Ó máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń le, ó sì máa ń dì mọ́ ara ọ̀dà dáadáa. Nínú àwọn tó wà nínú agolo, Tamiya TS-80, Mr. Super Clear Flat àti Testors Dullcote ni àwọn tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ jù. Fún airbrush (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà), Tamiya LP-23 àti Mr. Color GX114 wà. GX114 ni a yàn fún ẹni tó bá ní airbrush, nítorí ojú rẹ̀ máa ń rọ̀ bí aṣọ, kì í rí hẹ́hẹ́. Àbùkù lákà ni pé òórùn rẹ̀ léwu, ó lè jẹ ike àti dẹ́kàlì (àwòrán fẹ́lẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì) bó bá tutù jù lára wọn, ó sì kórìíra ọ̀rinrin.

*Akirílíìkì.* Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe nǹkan méjì. Fáníìṣì Vallejo àti AK Ultra Matte jẹ́ olómi. Tamiya XF-86 náà ń jẹ́ akirílíìkì, àmọ́ tínà onísípíríìtì ni a fi ń là á, ìyẹn X-20A. Bí ẹ bá da X-20A tàbí sípíríìtì sínú fáníìṣì Vallejo, ó lè dì lójú ẹsẹ̀, kó máa yọ̀ bí ikun, kó sì dí ẹnu airbrush pa. Tínà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fáníìṣì bá ṣe fún un ni kí ẹ lò. Akirílíìkì olómi kì í ba ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́, òórùn rẹ̀ sì rọ̀, àmọ́ kì í le tó lákà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú.

*Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì.* Irú bíi Humbrol Matt Cote. Ó dùn ún fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, àmọ́ ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, èyí sì máa ń hàn lórí funfun. Bí ẹ bá sì fi wáàṣì (ọ̀dà tí a là púpọ̀ kó lè ṣàn sínú ìlà àti kòtò) tó ní white spirit (irú tínà kan) sórí rẹ̀, ó lè tú. A kò yàn án fún iṣẹ́ tuntun.

Nípa èyí tó lè gun orí èyí: akirílíìkì olómi lè gun orí ohunkóhun tó bá ti gbẹ dénú. Lákà lè gun orí lákà láìsí wàhálà, ó sì lè gun orí akirílíìkì tó ti gbẹ bí ẹ bá kọ́kọ́ fín in fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lákà lórí ẹ̀námẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ sá fún. Bí ẹ̀námẹ́ẹ̀lì kò bá tíì gbẹ dé ìsàlẹ̀, lákà á wọ inú rẹ̀, á mú un wú, ojú rẹ̀ á sì hunjọ bí awọ arúgbó.

Ẹ̀yà kan ṣì kù tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: Tamiya X-21, tí wọ́n ń pè ní Flat Base. Kì í ṣe fáníìṣì. Lẹ́búlẹ́bú ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fín in lásán á rí mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí. Ńṣe ni wọ́n ń po ó mọ́ ọ̀dà tàbí fáníìṣì dídán, bíi X-22. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán 2 nínú ẹ̀kán 20 X-22, kí ẹ dán an wò; bó bá ṣì ń dán jù, ẹ fi ẹ̀kán 1 kún un. Ẹ má kọjá ẹ̀kán 5 nínú 20. Ọ̀nà yìí gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín pinnu ìwọ̀n dídán tí ẹ fẹ́ gan-an.

Kí fáníìṣì aláìdán tó kan mọ́dẹ́ẹ̀lì

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra wọn nìyí: ọ̀dà, fáníìṣì dídán, dẹ́kàlì, fáníìṣì dídán fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wáàṣì nínú ìlà àti kòtò, lẹ́yìn náà aláìdán. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ló máa ń fo fáníìṣì dídán àkọ́kọ́, wọ́n á ní ṣebí aláìdán náà ni àwọn máa fi parí. Dẹ́kàlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣákiṣàki kì í balẹ̀ dénú. Afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa tàn bí fàdákà. Fáníìṣì aláìdán kì í wo àrùn yẹn sàn, kódà ó lè mú un hàn sí i. Ojú dídán ló ń jẹ́ kí dẹ́kàlì rí ibi tó tẹ́jú dì mọ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wáàṣì ṣàn tẹ̀ lé ìlà dípò kó tàn káàkiri bí àbàwọ́n.

Lẹ́yìn tí dẹ́kàlì bá gbẹ, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó lómi díẹ̀ nu etí rẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Lẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù àti àpá omi tó ń mú dẹ́kàlì rọ̀ kì í hàn lórí ojú dídán, àmọ́ bí aláìdán bá ti bò wọ́n, wọ́n á yọ jáde bí àpá omi lára ògiri. Bákan náà ni ti òróró ìka ọwọ́. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi igi di mọ́dẹ́ẹ̀lì mú láti abẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wáàṣì onírú ẹ̀námẹ́ẹ̀lì gbẹ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Bí white spirit bá ṣì wà nínú ìlà, fáníìṣì á há a mọ́bẹ̀, ibẹ̀ á sì máa dán láìgbẹ.

Ẹ fi téèpù bo gbogbo ohun tó jẹ́ gíláàsì: ibi tí awakọ̀ bàálù ń wòta, iná iwájú, lẹ́ǹsì. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni inú. Bí ihò ẹ́ńjìnnì tàbí ibi tí táyà ń wọ̀ bá là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ airbrush á gbé ìkùukùu fáníìṣì gba inú bàálù lọ, á sì ba lé gíláàsì láti ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ kò lè dé mọ́. Ẹ fi fóòmù tàbí tíṣù tútù dí gbogbo ihò.

Ẹ tún wá ṣíbí ike mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀dà kan náà, fáníìṣì dídán kan náà, dẹ́kàlì kan tí ẹ kò nílò, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sára ṣíbí bí ẹ ṣe fi sára mọ́dẹ́ẹ̀lì. Orí ṣíbí ni aláìdán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ṣíbí ní ojú tó yọ àti ojú tó wọnú, ó sì máa ń fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní kòtò àti ní òkè hàn.

Ọjọ́ àti ibi tí ẹ ó ti fín in

Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 70%, ẹ má fín lákà. Bí lákà ṣe ń gbẹ, ó ń gba ooru lára ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ojú náà á tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sórí rẹ̀ bí ìrì, á sì há sínú fáníìṣì. Abẹ́ 60% ni ọkàn ti lè balẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ti gba ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì là. Lẹ́yìn òjò, ẹ dúró.

Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ síta. Ìbòmú aṣọ tàbí ti eruku kò lè dá òórùn lákà dúró. Èyí tó ní agolo asẹ́ méjì fún èéfín kẹ́míkà lẹ nílò. Iná kankan kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Kódà bó bá jẹ́ akirílíìkì olómi ni ẹ ń fín, ẹ wọ ìbòmú, torí ẹ̀dọ̀fóró kò níṣẹ́ kankan pẹ̀lú sílíkà.

Fífín in pẹ̀lú airbrush

1. Ẹ ṣí ìgò, kí ẹ fi igi tàbí irin pẹlẹbẹ ha ìdí rẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Mímì nìkan kò tó, nítorí ohun tó ti dì mọ́ ìdí ìgò kì í gbọ́ ti mímì. Ẹ ro ó fún ìṣẹ́jú 2, ẹ wá dé e, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú 1. Bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù irin kékeré tí kì í dógùn-ún sínú rẹ̀, á rọrùn nígbà míì.

2. Bí ìgò bá ti pẹ́, ẹ fi aṣọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀rá fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Èépá tó gbẹ sí ẹnu ìgò ni ọ̀tá yín níbẹ̀: ẹyọ kan lè dí ẹnu airbrush.

3. Ẹ là á. Fún lákà, fáníìṣì 1 sí tínà 1 tàbí 2, Mr. Color Leveling Thinner dára jù nítorí kì í gbẹ kíákíá, ó ń fún fáníìṣì láyè láti tẹ́. Fún XF-86, 1 sí 1 pẹ̀lú X-20A. Fún akirílíìkì olómi, tínà rẹ̀ ẹ̀kán 1 sí 2 nínú ẹ̀kán 10 ti tó.

4. Ẹnu airbrush 0.3 mm tàbí 0.4 mm ni kí ẹ lò. Ti 0.2 mm máa ń há. Fún lákà, agbára afẹ́fẹ́ 15 sí 18 psi. Fún akirílíìkì olómi, 20 sí 25 psi.

5. Fífín àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ́ bí èémí lára dígí. Ẹ jìnnà ní bíi 15 cm, kí ẹ kàn kọjá lórí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní bò ó, kò sì yẹ kó bò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo dẹ́kàlì lọ́wọ́ èyí tó ń bọ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10.

6. Fún fífín kejì, ẹ sún mọ́ ọn sí 10 cm tàbí 12 cm. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa wo ojú mọ́dẹ́ẹ̀lì láti igun. Bí fáníìṣì ṣe ń bọ́ sí i, ó yẹ kí ẹ rí i kó tutù, kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, kí títàn náà sì máa parẹ́ lójú yín. Bí kò bá tutù rárá, ẹ jìnnà jù, ó ti ń gbẹ lójú ọ̀nà. Bó bá ń ṣàn tàbí tó ń rọ́ sínú ìlà, ẹ ti pọ̀ ọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kọjá etí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣíwájú rẹ̀.

7. Lẹ́búlẹ́bú ń silẹ̀ nínú ife airbrush náà, kì í ṣe nínú ìgò nìkan. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró ju ìṣẹ́jú 2 lọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ro inú ife kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyí tí apá ọ̀tún bàálù fi máa ń yàtọ̀ sí ti òsì nígbà míì.

8. Ẹ dúró. Fáníìṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kò tíì jẹ́ aláìdán. Ìgbà tí tínà bá lọ tán ni lẹ́búlẹ́bú á tó yọrí. Lákà lè gba ìṣẹ́jú 20, akirílíìkì olómi lè gba wákàtí 2. Bí ẹnì kan bá rí i pé ó ṣì ń dán lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, tó wá tún fín méjì lé e, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló máa rí ewú.

Fífín méjì tó tutù díẹ̀ sábà máa ń tó. Ẹ̀kẹta wà fún ibi tó bá ṣì ń dán nìkan. Ẹ jẹ́ kó wà fún wákàtí 24 kí ẹ tó gbá a mú.

Ti inú agolo

Ẹ gbé agolo sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, tí kò ju 40°C lọ, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Omi híhó kọ́, iná kọ́: agolo lè bú. Lílọ́ yẹn ń mú kí agbára inú rẹ̀ pọ̀, kí ìkùukùu rẹ̀ sì kúnná. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ mì ín fún odindi ìṣẹ́jú 2 láti ìgbà tí ẹ bá ti gbọ́ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Fífín àkọ́kọ́ sórí páálí ni, nítorí ẹnu agolo máa ń tutọ́ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀.

Láti 20 cm sí 30 cm ni kí ẹ dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òde mọ́dẹ́ẹ̀lì, kí ẹ kọjá lórí rẹ̀ láìdúró, kí ẹ sì parí lẹ́yìn òde. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín fífín kan sí èkejì, kí ẹ sì máa yí mọ́dẹ́ẹ̀lì kí gbogbo rẹ̀ má baà wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ dorí agolo kodò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ nìkan á fi máa jáde.

Ti búrọ́ọ̀ṣì

Fún ère ènìyàn àti àwọn ẹ̀yà kékeré, ó ṣeé ṣe. Fáníìṣì olómi, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ rírọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ má sì padà sórí ibi tí ẹ ti kọjá. Bó bá ti wọ́ jọ sínú kòtò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fà á kúrò lójú ẹsẹ̀, torí ibi tí fáníìṣì bá ti pọ̀ ni lẹ́búlẹ́bú ti pọ̀. Lórí apá bàálù tàbí ohun tó fẹ̀, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Nígbà tí nǹkan bá yíwọ́

*Ó hewú.* Ewú mẹ́ta ló wà, ìwòsàn wọn kò sì jọra, nítorí náà ẹ fi ìka kàn án kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́jú, tó rọ̀ lábẹ́ ìka, àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ ṣú bí wàrà, tó sì jẹ́ lákà, ọ̀rinrin ni. Ẹ dúró de ọjọ́ gbígbẹ, kí ẹ fín Leveling Thinner nìkan sórí rẹ̀, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ gan-an. Á ṣí fáníìṣì náà díẹ̀, omi tó há á jáde, á sì mọ́. Bí dẹ́kàlì bá wà lábẹ́, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta dára ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bó bá rí hẹ́hẹ́ bí pépà oníyanrìn, tó sì pọ̀ jù ní igun tí apá bàálù ti pàdé ara rẹ̀, fáníìṣì ló gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Ẹ jìnnà jù, tàbí agbára afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí tínà yín ń gbẹ kíákíá jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle díẹ̀ gbá èyí tí kò dì mọ́ kúrò, kí ẹ fín fáníìṣì dídán sórí rẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ wá padà sí aláìdán.

Bó bá jẹ́ inú ìlà àti kòtò nìkan ló ti funfun, lẹ́búlẹ́bú ló wọ́ jọ síbẹ̀. Fáníìṣì dídán ló ń wo òun náà sàn. Sílíkà fúnra rẹ̀ kò funfun. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró kan sí èkejì ló ń mú un funfun lójú. Ẹ wo gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná, ó funfun. Ẹ da omi sí i, ó tún mọ́. Oje fáníìṣì dídán ń ṣe ohun tí omi yẹn ṣe: ó ń dí àlàfo náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú láti fi sípíríìtì fọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta dànù, ẹ kọ́kọ́ fín fáníìṣì dídán kan. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí àwọ̀ ṣe máa ń padà wá.

*Ó ṣì ń dán.* Wọn ò ro ó dénú. Òkè ìgò, ìyẹn oje láìsí lẹ́búlẹ́bú, ni ẹ fín. Ẹ ro ìgò, kí ẹ tún fín. Ẹ mọ̀ pé ìgò tí wọ́n ti lo òkè rẹ̀ báyìí ti ṣàìdọ́gba: lẹ́búlẹ́bú inú ìyókù ti pọ̀ jù. Ẹ fi fáníìṣì dídán ti irú kan náà, bí ìdá 1 nínú 10, kún un, kí ẹ sì dán an wò lórí ṣíbí kí ẹ tó tún lò ó.

*Dẹ́kàlì hunjọ.* Lákà tutù jù lórí rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Nígbà míì, bí tínà bá lọ, ó máa ń tẹ́ padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á fà á ya.

*Ó sán.* Fáníìṣì líle lórí ohun tó ṣì rọ̀ lábẹ́. Kò sí fífín tó ń dí ojú sísán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi pépà oníyanrìn 2000 àti omi yọ ojú rẹ̀, kí ẹ tún ọ̀dà ibẹ̀ kùn.

*Irun tàbí eruku há sínú rẹ̀.* Ẹ má yọ ọ́ nígbà tó tutù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi pépà 2500 tó lómi ha ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fín fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lé e.

*Ibi kan ń dán lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.* Ọwọ́ ló fi pa á. Fífi ọwọ́ pa aláìdán léraléra ń tẹ àwọn hóró náà wọlẹ̀, ojú á sì tẹ́jú padà. Fífín kan péré á tún un ṣe. Àwọn tó ń kó róbọ́ọ̀tì Gundam jọ mọ èyí dáadáa: oríkèé tó bá ń yí, tó ń fi ara pa ara, kò ní pẹ́ tí fáníìṣì ibẹ̀ á fi họ. Kí ẹ tú róbọ́ọ̀tì náà sí ẹ̀yà ẹ̀yà kí ẹ tó fín in, kí ẹ sì fi téèpù bo inú oríkèé.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ

Lẹ́búlẹ́bú eruku tí a fi ń ṣe ẹrẹ̀ gbígbẹ àti èéfín, lẹ́yìn fáníìṣì aláìdán ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ṣáájú. Ojú ṣákiṣàki náà ló ń dì í mú. Bí ẹ bá fín fáníìṣì sórí rẹ̀, ìdajì rẹ̀ á fò lọ, ìdajì yòókù á sì parẹ́ lójú bí ẹni pé ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Ẹrẹ̀ tútù, òróró tó ṣàn, ojú lẹ́ǹsì àti ẹyinjú náà di ìgbà yìí. Búrọ́ọ̀ṣì tínrín kan àti ẹ̀kán fáníìṣì dídán kan ti tó.

Ẹ yọ téèpù orí gíláàsì lẹ́yìn wákàtí 1 sí 2, nígbà tí fáníìṣì ti gbẹ lójú àmọ́ tí kò tíì le gan-an. Bó bá ti di ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ kọ́kọ́ fi orí bíléèdì tuntun la etí téèpù fẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáníìṣì á bá a ya. Ẹ fà á padà sórí ara rẹ̀, kì í ṣe sókè.

Airbrush ni kó kàn, kì í ṣe lọ́la. Ẹ da ìyókù nù, ẹ fi tínà tó bá fáníìṣì náà mu ṣan ife rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fín tínà mímọ́ jáde títí ìkùukùu rẹ̀ kò fi ní ní àwọ̀ funfun kankan. Ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ láti ẹ̀yìn, kí ẹ nù ún láti ìdí lọ sí ẹnu. Ẹ tú ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀: òrùka funfun tó bá wà níbẹ̀, sílíkà ni. Bó bá ti gbẹ síbẹ̀, yóò máa já sínú ọ̀dà yòówù tí ẹ bá fín lẹ́yìn rẹ̀, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, pàápàá sínú fáníìṣì dídán.